Wàrà Tó Bàjẹ́ Lẹ́yìn Òkú Ìdíátù Yésúfù

Orí ìlà ni Ìdíátù Yésúfù kú sí, níwájú ilé ìpamọ́ ẹ́sẹ́ńkò, ọjà kòṣeémánìí tí ìjọba ń pín, ní Ṣàgámù, lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1984. Kò wá gba tirẹ̀. Wàrà oníyẹ̀fun tí ìjọba ní kí wọ́n fún àwọn ọmọ tí ebi ti mú kí ẹsẹ̀ wọn wú ló wá gbà, fún ilé ìwòsàn kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbídò. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ lórí ìlà nìyẹn.

"Ààwẹ̀ ló pa á," ni alákòóso ilé ìpamọ́ wí.

Ààwẹ̀ wo? Oṣù ààwẹ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì! Àbí òun nìkan ni oṣù yọ fún?

Èmi mọ ohun tó pa á. Nígbà tí irun Olúdọ̀tun ọmọ mi pọ́n, tí ikùn rẹ̀ yọ, Ìdíátù yìí kan náà ni mo gbé e tọ̀ lọ nílé ìwòsàn.

"Bàbá Olúdọ̀tun, ẹ̀kọ nìkan kò lè gbé ọmọ dúró. Ẹ wá ẹ̀wà. Ẹ wá ẹyin."

"Níbo la ti fẹ́ rí i, Mà?"

Ó ṣí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán tirẹ̀, ó mú ẹyin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó fi bọ́ ọmọ mi tán. Ó mu omi, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, fọ́mọ ẹni ẹlẹ́ni. Aṣọ ń tú lára rẹ̀, a ní àgbà ló dé. Irọ́ la pa. Ojú wa ló ṣe.

Nígbà tó ṣubú, Síkírù, awakọ̀ kan tó wà níbẹ̀, bẹ alákòóso náà: "Ọ̀gá, ẹ fún un ní wàrà díẹ̀."

"Wàrà ti tán. Àbí kí n lọ fún un lára màlúù?"

Ó tán? Lọ́jọ́ kejì àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, òórùn ló jẹ́ kí wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ náà. Lọ́rí méjì kó wàrà tó ti dì àti ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu, wọ́n dà á sígbó lọ́nà Símáwà. Àwọn ìyá tó tò sẹ́yìn Ìdíátù ló lọ ń fi igbá bù ú nínú ẹrẹ̀. Ògiri kan péré ló wà láàárín Ìdíátù àti oúnjẹ yẹn!

Èyí tí kò bàjẹ́ ńkọ́? A mu ún nínú tíì níbi ìgbéyàwó ọmọ alákòóso.

Ọ̀gbẹ́ni alákòóso, má bá wa ṣọ̀fọ̀. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó gba wàrà lọ́wọ́ rẹ láti oṣù Kìíní, kí tìrẹ ṣáájú. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìpamọ́ yẹn lọ́la. A mọ̀wé kà ní Ṣàgámù.