Híítà Tí Ìyá Mi Ń Sá Fún

Ariwo náà kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn bá da ẹ̀wà gbígbẹ sínú ìkòkò òfìfo. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó kúrò ní ẹ̀wà, ó di òkúta. Inú balùwẹ̀ ilé wa ní Pópó Yemọja ló ti ń wá, láti ara híítà tí èmi fúnra mi rà fún ìyá mi, agolo funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, tó ń fi iná mànàmáná mú omi gbóná. Mo rántí pé nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni mo rín. Tíṣà ni mí, ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama. Mo gbà pé kò sí ohun tó kan omi àti ooru tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wá sọ fún mi.

Orúnkún ló ń da ìyá mi láàmú nígbà náà. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n ti ń gbé omi gbóná láti ilé ìdáná lọ sí balùwẹ̀, omi náà sì bó wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló mú mi ra híítà. Mo fi ṣe fáàrí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo mú àwọn ìyàwó ilé wọ balùwẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n fọwọ́ kan omi náà, wọ́n sì ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ tiwọn náà tọ́jú wọn. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun.

Kí ara tó di ara àgbà, ẹ̀rọ ìlọta ni ìyá mi fi ń ṣiṣẹ́ ní Oríta-mẹ́rin. Wọ́n pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé etí ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ẹ̀rọ bá fẹ́ yọnu. Mo mọ ìyẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó iléèwé mi ti wá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí wọ́n pè mí sí balùwẹ̀, mi ò rántí rárá.

"Nǹkan yìí ò dún báyìí nígbà tó dé," ni wọ́n wí. "Nǹkan ti há a lọ́fun."

"Màmá, omi ló ń hó. Bí omi bá ń gbóná, àfi kó dún."

"Omi tó ń hó nínú ìkòkò mi kì í dún bí ẹni ń fọ́ òkúta."

"Èyí kì í ṣe ìkòkò, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Wọ́n gba ilé ìdáná lọ. Mo rò pé mo ti jàre.

Lẹ́yìn ìyẹn ni páìpù kékeré kan tó wà lábẹ́ híítà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi, omi náà sì ń ba ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn jẹ́. Mo gé rọ́bà láti ara táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́, mo fi di ẹnu páìpù náà, mo sì fi wáyà so ó pinpin. Omi dá. Mo dúró wò ó, orí mi wú. Ariwo nìkan ni kò dá, ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Ọyẹ́ dé. Kí wọ́n tó kírun Àsùbáà, ìyá mi á wọ balùwẹ̀, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á ṣe àlùwàlá. Bí mo bá béèrè bí omi ṣe rí, wọ́n á ní ó dára, o ṣé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo di ọwọ́ wọn mú, ọwọ́ náà tutù bíi yìnyín. Èjìká wọn ń gbọ̀n lábẹ́ ìborùn.

"Omi tútù lẹ fi wẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀," ni wọ́n dáhùn. "Mi ò lè dúró sábẹ́ nǹkan yẹn."

Inú bí mi. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní, "Àwọn ìyá mìíràn ń wá irú ẹ̀, wọn ò rí. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ló ń dẹ́rù bà yín." Ìyá mi kọjá lọ kírun. Nígbà tí mo fi máa ti iléèwé dé, wọ́n ti di ẹrù díẹ̀, wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ àbúrò wọn lọ ní Òkè Padre. Gbogbo ilé ń bi mí léèrè pé, "Tíṣà, ṣé kò sí o? Kí ló lé Màmá jáde?"

Ìtìjú ló gbé mi dé Bẹẹrẹ, níbi tí bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà wà. Kí n má tan ara mi, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ńṣe ni mo fẹ́ kí wọ́n bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kò sí ohun tó ṣe híítà náà. Kódà, ní ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, mo ti tan án sílẹ̀ tipẹ́, kí wọ́n lè fi etí ara wọn gbọ́ pé ariwo lásán ni.

Bàbá náà ò tíì wọlé tán tí wọ́n fi yí padà.

"Ẹ pa iná! Ẹ pa á láti ìdí mítà! Ẹ kó àwọn ọmọ yẹn kúrò lẹ́yìn ògiri!"

Mo sáré. Àwọn ọmọ ilé tó ń ṣeré lẹ́yìn balùwẹ̀ tú ká. A dúró sí àgbàlá, ariwo náà sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pa rọ́rọ́. Nígbà tí ó ti tutù pátápátá, bàbá náà wọlé, wọ́n yẹ ẹ́ wò, wọ́n sì jáde wá.

"Ta ló di ẹnu páìpù yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Tíṣà ni mí." Mi ò sọ ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ni.

Wọ́n jókòó, wọ́n sì là á yé mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Páìpù yẹn ni híítà fi ń mí, ibẹ̀ ló ń gbà tú agbára rẹ̀ jáde bí ooru bá pọ̀ jù. Ohun tó yẹ kó máa dá iná dúró bí omi bá ti gbóná tó, òun náà ti bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe tú ìdí rẹ̀, omi ẹlẹ́rẹ̀ dà jáde, pẹ̀lú ohun funfun kan tó rí bí èèpo ẹyin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi kànga wa ló gbé e wá. Ó ti rogún sísàlẹ̀, ó ti bo irin tó ń gbóná mọ́lẹ̀, omi tó há sábẹ́ rẹ̀ ló ń hó, tó ń fọ́n, tó sì ń kanlẹ̀ gbì gbì. Mo ti ya àwòrán irú èyí sójú pátákó fún àwọn ọmọ rí.

"Ó kù díẹ̀ kó bẹ́," ni bàbá náà wí. "Ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí?"

"Ìyá mi."

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n ti bínú lọ."

"Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn ní Òkè Padre. Ìyá mi àti àbúrò wọn ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti di páìpù, ọwọ́ ìyá mi dúró. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Àwọn ọmọ ilé ńkọ́? Ṣé kò séni tó fara pa?" Mo ní kò sí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò bá mi jà? Gbogbo ọyẹ́ yìí lẹ fi omi tútù wẹ̀."

"Inú rẹ ń dùn sí nǹkan náà," ni wọ́n wí. "O ti pe gbogbo ilé wá wò ó. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá bà á jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

A jọ padà sílé. Bàbá púlọ́ńbà tú rọ́bà mi kúrò lẹ́nu páìpù, wọ́n fi ohun tuntun rọ́pò èyí tó ti bàjẹ́, wọ́n sì kọ́ mi bí màá ṣe máa tú omi ìdí rẹ̀ dànù lóòrèkóòrè. Ìyá mi fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko fetí sí i kí wọ́n tó gbà láti wẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ti di olóògbé báyìí. Híítà náà ti gbó, mo ti ra òmíràn, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó nìkan, mo máa ń ka àwọn ẹ̀bùn tí mo fún ìyá mi láyé: bàtà, aṣọ, oògùn, ibùsùn tuntun. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó dára. Mi ò mọ èyí tó dára lóòótọ́ nínú wọn, kò sì sí ẹni tí mo lè bi léèrè mọ́.