Bàtà Aláwọ̀ Ewé ní Ìyànà-Ìbà

Ẹni tó bá rí Ezekiel Akínwálé ní Ìbà Housing Estate lọ́dún 1988 kò ní mọ̀ pé apààyàn ni. Akọ̀wé ìjọba ni, ọmọ Èkìtì, ẹni pẹ̀lẹ́ tó máa ń kí ajá aládùúgbò kó tó kọjá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó máa ń jáde ní Ọjọ́bọ̀, ó ti pa ènìyàn mọ́kànlá. Ó fún ọ̀kan lọ́rùn, ó fún òmíràn ní májèlé mu, ó ti lanlọ́ọ̀dù kan sínú kànga. Ìtàn ọ̀daràn ló ń kọ, àwọn òǹkàwé kì í sì í fẹ́ kó tán.

Àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í fi orí ara rẹ̀ ro ohun tó bá lè rí wò. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, á lọ kí wọn, á bá wọn dárò, ojú rẹ̀ á sì máa wo gbogbo ilé. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìyá Tinú nìyẹn. Opó ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ẹ̀kọ tútù ló ń tà ní Ìbà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Tinúọlá, tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, jáde lọ́sàn-án Sátidé kan láti lọ ra òwú ní Ìyànà-Ìbà, kò sì padà wálé mọ́. Ọlọ́pàá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó parí síbẹ̀. Ezekiel béèrè ohun tó wọ̀. Ìyá rẹ̀ ní bàtà aláwọ̀ ewé ni, pé awọ tòsì ti já, òun sì fi okùn pupa so ó.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti wà nínú ìtàn. Ezekiel sọ Tinúọlá di Àjíkẹ́, ọmọ tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tì mọ́lé, ó yí orúkọ ìlú padà. Bàtà yẹn nìkan ni kò pààrọ̀, nítorí ó dùn ún kọ.

Aládùúgbò kan ló kà á fún Ìyá Tinú, tí kò mọ̀wé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló kan ilẹ̀kùn Ezekiel, tó kúnlẹ̀.

"Sà, ẹ ti rí i. Níbo ló wà?"

Ezekiel ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro ó. Ó ní irọ́ ni, pé ìtàn lásán ni. Obìnrin náà mi orí.

"Mo gbọ́ yín, sà. Ẹ ò lè sọ ọ́ síta, kí àwọn tó gbé e má bàa gbọ́. Ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ?"

Nígbà tó lọ tán, Lydia ìyàwó Ezekiel ò ṣàánú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Àlàbá, ẹ̀yin lẹ lọ béèrè bàtà lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún."

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Tinú ń wá. Nítorí rẹ̀, Ezekiel fún Àjíkẹ́ ní ẹ̀bà nínú ìtàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fún un ní aṣọ ìbora. Olóòtú ránṣẹ́ pé kí ló dé, kí wọ́n rí òkú ọmọ náà kí ìtàn tán. Ezekiel gbé bírò, ó tún gbé e kalẹ̀. Bó bá pa Àjíkẹ́, ìyá ló pa. Bó bá dá a sí, irọ́ ló fi ń bọ́ ọ. Ó wá ṣe ohun tí ojo máa ń ṣe. Ó kọ ọ́ pé Àjíkẹ́ jàjàbọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì kan nítòsí géètì yunifásítì kan tó jọ ti Ìyànà-Ìbà, tòun ti bàtà rẹ̀. Ó rò pé ayọ̀ yẹn á tó obìnrin náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ó rí Ìyá Tinú lórí bẹ́ǹṣì ní Ìyànà-Ìbà, nínú oòrùn, okùn pupa tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ti àkọ́kọ́ ti já. Bí obìnrin kan bá sọ̀kalẹ̀, á wo ojú rẹ̀, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ti Ezekiel, ó sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo purọ́ ni. Mi ò mọ ibi tó wà."

"Ẹ má da ara yín láàmú, sà. Ẹ kàn gbàgbé láti kọ Fúráìdé tó máa jẹ́ síbẹ̀ ni."

Ezekiel kò kọ ìtàn ọ̀daràn mọ́. Ní 1995 pàápàá, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Tinú á sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, òun náà á sì jókòó. Bí bọ́ọ̀sì bá dé, àwọn méjèèjì á máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀.