Dádì Ará France Kò Kú Lórí Fóònù

Ọkùnrin náà fi ọkọ̀ sáré ìje ní France, ní Italy àti ní Belgium, nínú òjò àti nínú èéfín, kò kú. Ibi tí wọ́n ti ń gé èékánná ẹsẹ̀ fún àwọn arúgbó ní Thamesmead ló kú sí, lórí àga oníke. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e débẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni mo sì wà á.

Bọ́ọ̀sì kékeré kan ni mò ń wà, tí mo fi ń gbé àwọn arúgbó lọ sílé ìwòsàn, lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ayò, tàbí lọ gba atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahoro Lesnes Abbey. South Thamesmead ni ọkùnrin náà ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé oníkọnkéré àtijọ́ tí wọn ò tíì wó. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ gbé e, ó kọ̀, kò jókòó sẹ́yìn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó so bẹ́líìtì, ó wo ọwọ́ mi lórí sítíárìn.

"Ìwọ lo ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé o mọ̀ ọ́n wà?"

Bá a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Dírẹ́bà ló ń pè mí, á sì pè é bí ẹni ń búni. Tá a bá wà lójú ọ̀nà Harrow Manorway, tí òfin ò gbà ká sáré, á máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ sáré sí i.

"Dírẹ́bà, ṣé ẹyin lo kó ni?"

"Arúgbó ni mo kó, sà. Ẹyin sàn jù. Ẹyin kì í ráhùn."

Àwọn ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn máa ń ní kí n já a sílẹ̀ ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, kó lọ sáré tirẹ̀ níbẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìtàn rẹ̀. Mi ò béèrè. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Nígbà tí mo fi máa jókòó sí kíláàsì, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi, ojú sì ti tì mí tó. Ọ̀rọ̀ tí mo fi làálàá kọ́, mi ì í fi ṣòfò. Àmọ́ tí èèyàn bá dákẹ́ pẹ́, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ ọ́.

Ọkọ̀ búrẹ́dì àbúrò bàbá rẹ̀ ló fi kọ́ ìje, lójú ọ̀nà orí òkè. Ó ní búrẹ́dì òun kì í tutù kó tó délé oníbàárà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń tẹ́ pẹlẹbẹ. Látibẹ̀ ló bọ́ sínú ọkọ̀ ìje kékeré, ó bọ́ sínú ńlá. Ife ẹ̀yẹ kan péré ló gbà láyé, ti ipò kẹta. Eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ló ń rẹ sínú rẹ̀ lálaalẹ́. Mo bi í bó ṣe gba ife náà.

"Àwọn tó wà níwájú mi kọlu ara wọn. Mo gba àárín wọn kọjá."

"Ìyẹn kì í ṣe ìje, sà. Oríire nìyẹn."

"Dírẹ́bà, kí lo rò pé ìje jẹ́?"

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo èèyàn ní òun ló máa gba ipò kìíní. Igi kan ní Belgium kò gbọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fọ́ yánnayànna. Wọ́n tò ó, ó kúrú ju èkejì lọ. Ó fẹ́ràn ẹsẹ̀ yẹn bí ìyá ṣe ń fẹ́ràn ọmọ tó ya pòókìí. Bàtà ọ̀tún nìkan ló máa ń dán.

Èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó níyàwó ní France, ó sì bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san díẹ̀, ó sọ fún wọn pé òun ń lọ sáré ìje kan ní England, òun á padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè yẹn ni wọn ò tíì rí. Obìnrin kan wà níbí. Nígbà tó yá, obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ, òun sì di mẹkáníìkì ní Woolwich títí ó fi darúgbó. Ọmọ tó fi sílẹ̀ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ìyá àgbà báyìí. Tọ́dún tuntun bá dé, á pè é. Ọmọ náà á gbé e, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á sì gbé fóònù kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, à ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, mo ń sọ fún un nípa ìsìnkú ará wa kan. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ títí a fi délé. Lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní kí n mú fóònù mi wá, ó ka nọ́ńbà ọmọ náà fún mi láìwo ìwé.

"Tí mo bá kú, ìwọ ni kó o pè é. Má jẹ́ kí ìjọba pè é. Ó máa kọ̀. Kó o tún pè é."

"Tí kò bá wá ńkọ́, sà?"

"Council á sin mí bí ẹni tó ń gbé pàǹtí síta."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ èékánná dé. Ó ti fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún kí wọ́n tó pè é. Nígbà tí wọ́n pè é, kò dáhùn. Mo rò pé agídí ló ń ṣe.

Nígbà tí wọ́n ti gbé e lọ, mo pe Àǹtí. Ọmọ Ìbàdàn ni Àǹtí. Òun ló ń wẹ̀ fún un, tó sì ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé Dádì. Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá."

"Yéè! Dádì ti kú!"

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni. Ó gbọ́ ohun tí mi ò sọ.

Nígbà tó dé, mo ní mo fẹ́ pe ọmọ wọn. Ó dì mọ́ ọwọ́ mi.

"Bọ̀dá, ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù o! Tó bá wà lórí ìdúró ńkọ́? Tó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Mi ò nílò kí ẹnì kankan kọ́ mi ní ìyẹn. Nígbà tí ìyàwó mi kú nílé ìwòsàn, dókítà ọ̀dọ́ kan ló pàdé mi ní kọ́rídọ̀, tó sọ ọ́ fún mi pé ó ti kú, bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀. Mo ṣì wà lórí ìdúró. Kúlà oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀tá mi.

Mo pe France. Ohùn rẹ̀ le, bíi ti bàbá rẹ̀. Mo fi èdè òyìnbó sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ara Dádì yín ò yá díẹ̀. Ó máa dáa kẹ́ ẹ wá."

Ó ní, "Ẹ fún un ní fóònù."

"Kò lè sọ̀rọ̀ báyìí."

"Nígbà tó bá lè sọ̀rọ̀, kó pè mí." Ó gbé e kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan láti council pè mí: tí kò bá sí mọ̀lẹ́bí tó yọjú, àwọn á bẹ̀rẹ̀ ètò ìsìnkú fúnra wọn. Mo ní mọ̀lẹ́bí ń bọ̀. Mo tún pe ọmọ náà. Ó ní òun ní iṣẹ́. Ó bi mí bóyá àárẹ̀ náà ti ń fúyẹ́. Mo ní kò burú sí i. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Kò sí ibi tó tún lè burú dé.

Àǹtí ní mi ò mọ̀ ọ́n sọ. "Ẹ sọ pé ó jẹun. Ọkàn rẹ̀ á rọ̀, á sì wá."

"Àǹtí, òkú ni."

"Ṣé mo ní kẹ́ ẹ fún un jẹ ni? Mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́!"

Mo tún pè é. Mo ní, "Ó mu ọbẹ̀ díẹ̀ lánàá."

"Ọbẹ̀ kí ni?"

Àǹtí ń mi ọwọ́ sí mi. Mo ní, "Ọbẹ̀ tòmátò."

"Bàbá mi kórìíra tòmátò."

"Ìyẹn ló jẹ́ kó mu díẹ̀."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, ẹnu mi kò dúró mọ́. Mo ní ó béèrè búrẹ́dì. Mo ní ó ní búrẹ́dì náà ti tutù. Àǹtí fọwọ́ bo ojú.

"Mo ń bọ̀ lọ́la," ni obìnrin náà wí.

Mo pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Abbey Wood. Ó ga, irun rẹ̀ ti funfun, báàgì kékeré kan ló gbé. Kò béèrè kó tó jókòó síwájú. Ó bi mí bí bàbá òun ṣe wà láàárọ̀ yẹn. Mo ní ó ń sinmi.

Nílé, Àǹtí ti pe àgbà méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, àgbà ló ń túfọ̀ rẹ̀. Wọn ò rí òkú náà rí láyé. Wọ́n jókòó sórí àga rẹ̀ bí ẹni pé àbúrò wọn ni. A gbé omi fún obìnrin náà. A ní kó jókòó dáadáa. Bàbá àgbà wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ lédè òyìnbó pé ayé yìí ọjà ni, tí oníkálukú ń ná, tí ó sì ń lọ sílé.

Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. "Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pè mí ló kú, àbí?"

Gbogbo wọn wò mí.

Ó gbé omi náà mu tán. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí ìje bá wà, ìyá òun kì í kúrò nídìí fóònù. Tí dírẹ́bà kan bá kú, ẹnì kankan kì í sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó kú. Wọ́n á ní ó ní wàhálà díẹ̀, kí ó máa bọ̀. Ìyá òun ló kọ́ òun: tí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ ló kán, ẹsẹ̀ ló kán. Tí wọ́n bá ní nǹkan díẹ̀ ni, lọ wọ kóòtù rẹ.

"Ẹ ní ara rẹ̀ ò yá díẹ̀," ló sọ fún mi. "Ibi 'díẹ̀' yẹn ni mo ti mọ̀."

"Háà!" Àǹtí sọ ọ́ lédè Yorùbá. "Ọmọ wa mà ni! Bọ̀dá, lásán lẹ se ọbẹ̀ yẹn o!"

Mo bi obìnrin náà ìdí tó fi jẹ́ kí n máa parọ́.

"Láti kékeré mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí ohun tí bàbá mi jẹ lánàá," ó ní. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Ìyàwó bàbá àgbà ti ń sunkún, ẹni tí kò mọ òkú. Obìnrin náà ò sunkún. Ó yíjú sí mi.

"Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ẹ má ṣe fi omi là á. Ẹ̀yin lẹ rò ó láti pè mí ni, àbí òun ló rán yín?"

"Òun ló rán mi. Ó ní ẹ máa kọ̀. Ó ní kí n tún pè yín."

Ó dìde, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Mi ò mú aṣọ dúdú wá," ó ní. "Mi ò tíì mọ̀ pé màá dúró. Níbo ni wọ́n ti ń tà á?"

"Aṣọ dúdú kẹ̀?" Àǹtí bú jáde. "Fún bàbá arúgbó? Rárá o! Ọ̀fọ̀ kọ́ lèyí, Mọ́mì. Àwọ̀ tó bá wù yín ni, kò kàn gbọdọ̀ dúdú."

Mo fi ọkọ̀ gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọjà Woolwich. Obìnrin náà fọwọ́ kan aṣọ kan, ó fi í sílẹ̀, ó fọwọ́ kan òmíràn. Ó wá fa búlúù kan yọ láti ìsàlẹ̀, búlúù tó mọ́lẹ̀, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kun ọkọ̀ bàbá òun nìyẹn. Àǹtí gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ ojú rán rẹ̀ wò, ó sì sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé iye tó pè é ti pọ̀ jù.