Ìgò Ọtí Tí Yayra Gbé Lọ Bá Tógbè

Yàrá kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ahunṣọ ní ní gbogbo yunifásítì tó wà ní Ho, ní ilẹ̀ Ghana, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló sì wà, níbi tí òórùn abolo, búrẹ́dì àgbàdo wọn, ti ń bá ènìyàn láti àárọ̀. Òfì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Kò jọ nǹkan kan lójú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n lójú Yayra Amenuvor, kò síbi tó tún dà bíi rẹ̀ láyé.

Ní Agbleta, abúlé tiwọn, ọkùnrin ló ń jókòó sórí òfì. Obìnrin á ran òwú, á ká a, ibẹ̀ niṣẹ́ tiẹ̀ parí sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Yayra nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, Tógbè Agbodza, olórí àwọn ahunṣọ (Tógbè ni wọ́n ń pe àgbà lọ́dọ̀ wọn), lé e dìde lórí òfì lójú gbogbo ará ilé. Kò gbàgbé ìtìjú ọjọ́ náà títí dòní. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná yìí ló ti wá kọ́ aṣọ híhun, ọdún mẹ́ta gbáko, ará ilé kankan ò sì gbọ́ sí i.

Àfi bí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lẹ ìwé mọ́ ògiri lọ́jọ́ kan: ẹgbẹ́ tí kò bá ṣe ètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà yìí, yàrá ẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, wọ́n máa kó àga síbẹ̀. Ilé ìwé máa ran ètò lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ sì máa mú àlejò pàtàkì wá láti ìta, tó máa fọwọ́ sí ìwé àlejò nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún ẹgbẹ́ ahunṣọ. Kí wọ́n tó jíròrò débì kan, gbogbo wọn ti ń dárúkọ Tógbè Agbodza. Ẹ̀gbọ́n bàbá Yayra ṣá ni, wọ́n ní, kó kàn lọ pè é wá. Yayra gbà láti lọ.

Ó kọ fọ́ọ̀mù náà tọkàntọkàn. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí wọ́n máa fi pe àlejò, ó kọ ọ́ bó ṣe rí: ọtí sìnáàpù, ìgò kan. Ta ni kò mọ̀ pé ènìyàn kì í rìn lọ́wọ́ òfo lọ pe àgbà? Ọ̀gbẹ́ni Kwawukume, akọ̀wé ọ́fíìsì náà, kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, ta ló kọ́ ẹ ní fọ́ọ̀mù kíkọ? Ilé ìwé ò kí ń ra ọtí líle. Kọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò síbẹ̀ jàre. Bí gbogbo wọn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, owó ni wọ́n ń fún wọn, oníkálukú á sì lọ ra ohun tó mọ̀ pé ó yẹ. Ta ló máa sọ fún Yayra pé sáà yìí gan-an ni wọ́n yí i padà? Wọ́n pè é sí ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé, wọ́n sì gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò ọlọ́sàn kan lé e lọ́wọ́. Ìgò kan. Ohun tó kọ náà kúkú nìyẹn.

Ó wo ìgò náà títí. Ẹ wáá gbé omi ọsàn lọ bá olórí ahunṣọ, kí ẹ wo ohun tójú yín máa rí. Ó fi owó oúnjẹ ẹ̀ ra sìnáàpù, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Agbleta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Wọ́n fún un lómi mu, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé. Ó gbé ọtí kalẹ̀. Tógbè kò fọwọ́ kàn án.

"Ọtí ta nìyí?"

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi gbogbo àlejò ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń purọ́ lórí ọtí nílùú yẹn, torí àwọn tó ti kú ni wọ́n máa fi pè. Bó bá ní ilé ìwé ló ni ín, irọ́ ni. Bó bá ní tòun ni, wọ́n máa béèrè ohun tó kan ọmọbìnrin nínú ọ̀rọ̀ ahunṣọ. Ọmọ yìí wá ibi yà sí, kò rí.

"Èmi ni mo ni ín, Tógbè."

"Kí lọ̀rọ̀ ẹ?"

"Mò ń hun aṣọ. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá."

Ẹni tó ń ro akple, òkèlè àgbàdo wọn, ní ìdí ààrò dáwọ́ dúró. Tógbè wo ọmọ àbúrò ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. Lẹ́yìn náà ló ṣí ọtí, ó ta á sílẹ̀, ó mu ún. Orí Yayra wú. Ó yára ṣàlàyé gbọ̀ngàn ńlá, ó ṣàlàyé Ọjọ́bọ̀.

"Ká ní ilé ìwé ló pè mí ni, ǹ bá lọ sí gbọ̀ngàn wọn," ni Tógbè wí. "Ìwọ lo pè mí. Orí òfì ni màá ti bá ẹ. Ó di Sátidé."

Wọ́n ti mu ọtí, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Kò sẹ́ni tó ń tún un dá sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń padà lọ, Yayra ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni àbí kóun sunkún. Ohun tó ti ń fẹ́ láti kékeré ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, òun náà ló sì máa gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí ìwé àlejò. Kwawukume ní kí ló dé tí kò pa irọ́ kékeré yẹn fún bàbá náà, pé ilé ìwé ló ni ọtí, ṣebí ó ti pa irú ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ dé. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró di ọ̀la péré. Wọ́n ní Ẹtì ni wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n ti òfì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ ògiri ẹ̀yìn, wọ́n sì to àga rẹpẹtẹ dí wọn títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ní Sátidé, Tógbè Agbodza sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ ńlá lára ẹ̀ àti ọ̀pá ẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó wo àwọn àga. Ó fa ọ̀kan nínú wọn jáde, ó jókòó.

"Ọtí ẹ ni mo mu, mo sì ti dé," ló wí. "Jókòó sórí òfì, kí n rí ọwọ́ ẹ."

Yayra ṣíjú wo ògiri lọ́hùn-ún, kò tilẹ̀ rí òfì kankan. Ó gbé àga kan, ó gbé e síta. Ó padà wá, ó gbé òmíràn. Tógbè gbé ọ̀pá ẹ̀ lélẹ̀, ó sì ń dúró dè é.