Ìyẹ́ tí Kò Ká Mọ́

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi páálí, wáyà àti igi pẹlẹbẹ ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun kékeré kan nínú yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé ní Sùúrùlérè. Kì í ṣe irú èyí tó ń balẹ̀ sí Ìkẹjà o. Irú èyí tó ń gbéra lórí ọkọ̀ ojú omi ni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ojú ọ̀nà tó ti ń gbéra lórí ọkọ̀ ojú omi náà kúrú, nítorí náà ẹ̀rọ kan ní láti ta á sókè bí òkò kànnàkànnà. Tó bá ń bọ̀, ìkọ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ á há mọ́ wáyà tí wọ́n nà sójú ọ̀nà náà, kí ó má baà já sómi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, nítorí kì í rọra balẹ̀. Èyí tó fi ń yangàn jù ni ìyẹ́ rẹ̀ tó ń ká sókè, kí ọ̀pọ̀ wọn lè gba ojú kan. Tí a bá fẹ́ jẹun, á ká a, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá wa.

Ìdíje iṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní Yábà nígbà náà. Ẹni tó bá gbégbá orókè á kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá wa ti kú, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìrètí ẹ̀gbọ́n mi wà. Èmi ọlọ́gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, rí i láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje náà pé ìyẹ́ ọ̀hún ń mì. Mo sáré lọ tọrọ gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ aránbàtà àdúgbò, mo lẹ̀ ẹ́ pinpin, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

"Ká ìyẹ́ rẹ̀ ká rí i," ni ìyá kan tó ń ṣe adájọ́ ìdíje náà wí. Kò ká. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù náà, ó wo ibi tí mo jókòó sí, ó ní, "Ẹ má bínú mà, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́." Ẹlòmíràn ló gbégbá orókè.

Ó ti pẹ́ tó ti wà lókè òkun báyìí, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀. A kò sọ ọ̀rọ̀ náà rí, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí nítorí ìyẹ́ ìjọ́sí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ṣì ń ro ìyẹn ni? Forget that thing, jàre. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. Àárò rẹ̀ sọ mí gan-an. Mo dúpẹ́ pé kò bínú, ṣùgbọ́n ohun tó wù mí ni kí ó wà nítòsí, kí ó bínú, kí ó gbá mi létí, kí a sì jọ jẹun lẹ́yìn náà.