Ọ̀bọ Tó Ń Na Apá fún Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ẹran ní iléeṣẹ́ òògùn kan n'Íkẹjà, èébì ni mo fi kí àwọn tó wà níbẹ̀. Òórùn ìtọ̀ ehoro kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ẹran là ń pe yàrá tí wọ́n ti ń fi òògùn dán ẹranko wò kí èèyàn tó lò ó. Èmi ni mò ń bọ́ wọn, tí mò ń fọ àgò wọn, tí mo sì ń dì wọ́n mú fún abẹ́rẹ́. Àwọn ará ilé wa l'Ágége bi mí pé ṣé torí kí n lè máa tọ́jú ọ̀bọ ni mo ṣe ka ìwé mẹ́wàá. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà SAP ni, tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sọ iṣẹ́ di ọ̀wọ́n, ẹni tó bá ríṣẹ́ kì í yan irú rẹ̀.

Ọ̀bọ kan wà tí mò ń pè ní Onífìlà, nítorí irun orí rẹ̀ wó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí fìlà abetí-ajá. Ẹni tó bá gọ̀ là ń pè ní ọ̀bọ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n èyí kò gọ̀ rárá. Ọkùnrin mẹ́ta ló ń dì í mú kí n tó dé, yóò sì tún bù wọ́n jẹ. Èmi kò lágbára ìjàkadì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mò ń mú dání, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀: "Ọwọ́ dà?" Nígbà tó yá, bó bá ti gbọ́ ọ, á na apá jáde láàárín irin, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì dúró títí abẹ́rẹ́ yóò fi jáde.

Mo sọ fún Dókítà, ọ̀gá wa, pé ọ̀bọ yìí gbọ́kàn lé mi.

"Ìyá Rísíkà, bárakú ni," ó ní. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló mọ̀, kò mọ̀ yín."

Mo ní kí ló wá dé tí kì í na apá fún ẹlòmíì tó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání? Ó ní ohùn mi ló ti mọ́ ọn lára. Àwa méjèèjì jiyàn ọ̀rọ̀ yìí títí. Ó ní àwọn onímọ̀ lókè òkun gan-an kò tíì fẹnu kò: àwọn kan ní ẹranko ń ronú, ó ń bànújẹ́, nítorí náà a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tì í mọ́lé, àwọn mìíràn ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju bárakú lọ. Mo bi í pé ti ta ló gbà. Ó ní bí òun bá gba ti àwọn àkọ́kọ́, òun kò ní lè wá síṣẹ́ lọ́la.

Náírà já wálẹ̀, àwọn òyìnbó tó ni iléeṣẹ́ kó ẹrù wọn lọ. Wọ́n ní kí a palẹ̀ ilé ẹran mọ́. Àwọn ẹran náà kò ṣeé tà nítorí òògùn tó wà lára wọn. Wọn kò sì ṣeé tú sílẹ̀, torí ẹni tí ebi ń pa kò ní bi ọ̀bọ léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé e ka iná. Abẹ́rẹ́ àsùn-ùn-jí ló kù.

Mo kúnlẹ̀ fún Dókítà pé kó fún mi ní Onífìlà nìkan. Ó ní àìsàn tí wọ́n kó sí i lára láti fi dán òògùn wò lè ran àwọn ọmọ mi. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n pe ọ̀bọ náà, kó má baà jà. Inú bí mi.

"Mi ò ní pè é, sà. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ jẹ́ kó bá yín jà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń retí kó bu Dókítà jẹ, kó fa gbogbo ara rẹ̀ ya. Onífìlà wo abẹ́rẹ́, ó wò mí, ó sì na apá jáde. Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò yíjú, èmi ló ń wò.

Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ náà. "Bárakú ni, àbí?" ó bi mí, bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọdún ti gorí ọdún, mi ò ṣe iṣẹ́ ẹran mọ́. Àdúrà mi ni pé kó jẹ́ bárakú ni lóòótọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé èmi ló rí lẹ́nu ọ̀nà, tó fi rò pé kò séwu.