Oògùn Tí A Kò Tíì Dán Wò Lára Èèyàn

Eku funfun náà ṣíwọ́ lílúwẹ̀ẹ́ nínú ike omi, ó kàn léfòó, èmi kò sì tẹ aago dúró. Bí a ṣe ń dán oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tuntun wò nìyẹn ní yàrá ìwádìí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: eku tí oògùn bá ràn lọ́wọ́ kì í tètè jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún omi. Ìka mi wà lórí aago, n kò lè tẹ̀ ẹ́. Làmídì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló yọ eku náà. Ẹ̀rù bà mí.

Oorun ti dá lójú mi tipẹ́, oúnjẹ ò sì lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe ìbànújẹ́ lásán. Àwọn èròjà kan wà tí iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn; bí iṣẹ́ wọn bá dàrú, ayọ̀ ò ní rí ọ̀nà wọlé. Èmi tí mo mọ gbogbo èyí, n kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo lọ sílé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Màámi wò mí títí.

"Àdùkẹ́, ṣebí oògùn àìsàn yìí lẹ ń ṣe níbẹ̀? Kí ló dé tí o ò lò nínú ẹ̀?"

"Màámi, kò tíì kan èèyàn. Eku la ṣì ń fún."

"Ṣé ó ń pa wọ́n ni?"

Mo yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn eku tó gba púpọ̀ gbọ̀n títí wọ́n fi kú.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Màámi ti ń lé mi kiri. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà. Láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ọjà Igbó, ọkàn mi á ní kí n tọ́ ọ wò. Ohun tó wá já mi láyà jù ni pé, bó bá tilẹ̀ pa mí, kò jọ mí lójú mọ́.

Mo fún Làmídì ní kọ́kọ́rọ́ náà. "Bí mo bá bèèrè ẹ̀, má fún mi."

Kò rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

Mo fi gèlè bojú níbi tá a ti ń dúró de dókítà, kí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kankan má baà rí mi. Dókítà bi mí bóyá ikú ń wù mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Oògùn tí wọ́n ti ń lò fún èèyàn tipẹ́ ló fún mi. "Kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la o," ló wí. "Ẹ máa padà wá ká jọ máa sọ̀rọ̀." Níbẹ̀rẹ̀, èébì ń gbé mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo rántí àwọn eku wa, mo sunkún. Màámi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń sùn tì mí, wọn ò sì bèèrè oògùn wa mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Sábó, òjò ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ lójijì. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá dúró kó máa pa mí. Kí n tó ronú, mo ti sáré dé abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ara tí mo ti fẹ́ fi fún ikú ló gbé mi sá fún òjò. Mo fọwọ́ lé àyà mi tó ń lù kìkì, mo ní, "O ṣé, ara mi. O ṣé tí o ò gbọ́ tèmi."